TÍṢÀ TÓ FI IGI ṢE ÒPÓ: ÌTÀN ÍŃTÁNẸ́Ẹ̀TÌ ABÚLÉ NANGI

  Bí a bá ti pàdé báyìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣàìjáde: kí la fẹ́ ṣe fún ilé ìwé? Ẹnì kan á ní ká ra kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn á ní ká fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú ọgbà. A ó pàtẹ́wọ́, a ó dáwó, a ó ya fọ́tò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó tún tọwọ́ bàpò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fetí sí ìtàn kan.

Ibi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ jìnnà sí wa. Orílẹ̀-èdè Nepal ni, láàárín àwọn òkè Himalaya, níbi tí yìnyín ti ń bo orí òkè. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tíṣà ni, ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni, ọ̀rọ̀ ọmọ tó jáde nílé tó sì rántí ilé ni. Ẹ ó rí i pé ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

TA NI TÍṢÀ YÌÍ?

Orúkọ tíṣà tí mò ń wí ni Mahabir Pun. Ọdún 1955 ni wọ́n bí i ní abúlé Nangi, ní àgbègbè Myagdi, lápá ìwọ̀-oòrùn Nepal. Orí òkè tó ga ju 2,000 mítà lọ ni abúlé náà wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè rí, ẹ mọ bí orúnkún ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Láyé ìgbà tí à ń wí yìí, odindi ọjọ́ kan ni ará Nangi fi ń rìn láàárín òkè kó tó kan ọ̀nà mọ́tò.

Ẹ̀yà Magar ló ń gbé ibẹ̀. Àgbẹ̀ àti darandaran ni wọ́n. Ẹni tó bá ń rí owó gbà nínú wọn, owó ìfẹ̀yìntì iṣẹ́ ológun ló sábà máa ń jẹ́, nítorí láti ayé àtijọ́ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba àwọn ọmọkùnrin wọn sí iṣẹ́ ogun, kí Íńdíà náà tó máa gbà wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Gurkha. Ogun Bọ́mà tí àwọn bàbá wa lọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Gurkha náà wà níbẹ̀.

Ilé ìwé wà ní Nangi nígbà tí Pun wà ní kékeré, ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni. Kò sí ìwé, kò sí pẹ́ńsù, kò sí tíṣà tó kọ́ṣẹ́. Àgùntàn àti màlúù ni ọmọ náà ń dà kiri orí òkè. Bàbá rẹ̀ ló kó ẹbí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìhà gúúsù Nepal kí ọmọ lè parí ilé ìwé girama. Nígbà tó parí, ó di tíṣà. Nǹkan bí ọdún 12 ló fi ṣe é, owó oṣù rẹ̀ ló sì fi ń rán àwọn àbúrò rẹ̀ níwèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí, mi ò ní láti ṣàlàyé fún yín.

Gbogbo ìgbà yẹn ló ń kọ lẹ́tà sí àwọn yunifásítì òkè òkun. Lọ́dún 1989, Yunifásítì Nebraska tó wà ní ìlú Kearney, ní Amẹ́ríkà, dá a lóhùn pé àwọn á bá a gbé lára owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó lọ, ó kàwé, ó sì gboyè ní 1992.

Ibí ni ìtàn náà ti yà sọ́nà tí a ò retí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá rí irú àǹfààní yẹn, ó di kó máa fi owó ránṣẹ́ sílé, kó sì máa wá ní Kérésìmesì. Pun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1992 yẹn náà ló padà sí Nangi, abúlé tó ti fi sílẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ó bá ilé ìwé tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò dé ìpele girama. Òun àti àwọn ará abúlé bá pawọ́ pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìwé girama, wọ́n pè é ní Himanchal.

KỌ̀ǸPÚTÀ INÚ ÀPÓTÍ PÁKÓ

Ní 1997, àwọn oore-ọ̀fẹ́ kan láti Ọsirélíà fi kọ̀ǹpútà àlòkù díẹ̀ ta ilé ìwé náà lọ́rẹ. Ẹ̀bùn rere ni, àmọ́ ẹ̀bùn ọ̀hún bá wọn nínú òkùnkùn. Kò sí iná mànàmáná ní Nangi. Ohun tí Pun ṣe ni pé ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí omi ń yí sí odò tó wà nítòsí, odò náà ló ń fún kọ̀ǹpútà ní iná. Nígbà tó yá, ó ń gba ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ń tò wọ́n jọ fúnra rẹ̀, ó sì ń kan àpótí pákó láti fi ṣe ilé fún wọn. Ẹ gbọ́ o, àpótí pákó! Kò dára lójú, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tó ń wò ó bó ṣe ń tò ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá bàjẹ́, kò ní í di pé wọ́n ń wojú ẹni tó ra á wá.

Ẹ jẹ́ ká fi àmì síbẹ̀ yẹn, a ó padà sí i.

Kọ̀ǹpútà wá wà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ lè gbà wọlé tàbí jáde. Bí Pun bá fẹ́ ka í-méèlì tirẹ̀, ó ní láti rìn sọ̀ kalẹ̀, kó wọ bọ́ọ̀sì, kó di ìlú Pokhara. Ó gbìyànjú kí tẹlifóònù dé abúlé, kò bọ́ sí i. Wáyà kankan kò sì lè gun irú òkè bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé olówó ńlá ló fà á, olówó ńlá wo ló sì máa náwó sórí abúlé darandaran?

LẸ́TÀ ỌDÚN 2001

Lọ́dún 2001, Pun kọ í-méèlì sí ilé iṣẹ́ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tọrọ owó. Ìmọ̀ràn ló ń wá: ọ̀nà wo ni abúlé tí kò ní tẹlifóònù lè gbà ní íńtánẹ́ẹ̀tì? BBC gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn láti oríṣiríṣi ilẹ̀.

Ẹ rántí ohun tó ń lọ nílé wa nígbà náà. Oṣù August ọdún 2001 yẹn gan-an ni GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ṣé ẹ ò tíì gbàgbé bí èèyàn ṣe ń tò sórí ìlà kó tó lè bá ará òkè òkun sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta? Ṣé ẹ rántí ilé kọ̀ǹpútà tí à ń sùn mọ́jú nítorí pé òru ni owó rẹ̀ dínkù? Nígbà tí àwa ń du ìyẹn ní ìgboro, tíṣà kan lórí òkè ń wá bí ti abúlé rẹ̀ á ṣe bá tayé mu.

Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí àwọn afínnúfíndọ̀ ṣiṣẹ́ fi ń ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wá bá a. Wọn ò kọ́kọ́ fojú sun Pokhara. Abúlé Ramche tó wà nítòsí ni wọ́n fi dán an wò. Díìṣì bíi ti tẹlifísọ̀n ni wọ́n lò, orí igi ni wọ́n sì so wọ́n mọ́, nítorí kò sí owó òpó onírin. Nígbà tí Nangi àti Ramche gbúròó ara wọn, ọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀ pé nǹkan náà ṣeé ṣe. Wọ́n rí owó ìrànwọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n kọ́ ibùdó sórí àwọn òkè gíga. Nígbà tó fi máa di 2003, Nangi ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

BÍ ÌGBÌ ṢE Ń GUN ÒKÈ

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, torí àwọn ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní físíìsì ń kà á, wọn ò gbọ́dọ̀ fún mi ní òdo.

Wi-Fi kì í ṣe idán. Ìgbì rédíò ni. Ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú pálọ̀ yín, ìgbì rẹ̀ ń tàn ká gbogbo yàrá bí ìmọ́lẹ̀ àtùpà. Nítorí pé ó ń tàn ká, kì í jìnnà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e síwájú díìṣì, díìṣì á kó ìgbì náà jọ sójú kan, á wá ta á lọ bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Agbára rẹ̀ ò lé sí i o, ibi kan ṣoṣo ló kàn ń kọjú sí. Bí díìṣì kejì bá ń wò ó lójú kojú láti òkèèrè, ọ̀pọ̀ kìlómítà ni wọ́n lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ kò fi ga: ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún inú ilé ni wọ́n ń lò, àrà ni wọ́n fi dá.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ rí ara wọn. Òkè kò ṣeé là kọjá. Nangi kò sì rí Pokhara. Ẹ rántí eré ìje tá a máa ń sá níbi ìdíje ilé-sí-ilé, tí ẹni àkọ́kọ́ á sáré fi ọ̀pá lé ẹnì kejì lọ́wọ́, tí ẹnì kejì á gbé e fún ẹnì kẹta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Láti Pokhara, wọ́n ta ìgbì lọ sórí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Mohare Danda, tó ga ju 3,000 mítà lọ. Àárín méjèèjì ju 30 kìlómítà lọ. Ẹ̀rọ tó wà lórí òkè náà á gba ọ̀rọ̀, á sì jù ú sí àwọn abúlé tó wà nísàlẹ̀.

Ẹnu lásán la fi ń sọ ọ́ báyìí. Díìṣì, bátìrì, sóólà, irin, gbogbo rẹ̀ ni èèyàn gbé pọ̀n sẹ́yìn gun òkè. Kò sí iná lórí òkè, sóólà àti ẹ̀rọ kékeré tí afẹ́fẹ́ ń yí ló ń fún bátìrì ní agbára. Àrá kì í sì í fojú re wo ohun tó bá dá dúró lórí òkè. Igi tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe òpó náà kì í dúró jẹ́ẹ́: bí atẹ́gùn bá mì ín, díìṣì á yẹ̀ lójú, ọ̀rọ̀ á já. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gun igi náà lọ tún un ṣe. Ta ni ẹni náà? Kò lè jẹ́ òyìnbó tó ti padà sílé rẹ̀. Ọ̀dọ́ abúlé ni, tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà.

FÀYÀWỌ́ NÍTORÍ ÍŃTÁNẸ́Ẹ̀TÌ

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí ló le jù. Ogun abẹ́lé ló ń jà ní Nepal gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ yìí ń lọ. Láti 1996 títí di 2006 ni ìjọba àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lé ìlànà Mao fi ń bá ara wọn jà, ìgbèríko orí òkè bíi ti Pun ni ogun náà sì gbóná sí. Nítorí rẹ̀, ẹ̀rọ tó bá ń fi ìgbì ránṣẹ́ láìsí wáyà di èèwọ̀. Ìjọba kò fẹ́ kí ọlọ̀tẹ̀ rí i lò. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ kó o wọ̀lú, kò sì gbọ́dọ̀ lò ó.

Kí ni Pun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣe? Fàyàwọ́ ni o! Àwọn ẹ̀rọ náà ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù wọlé láìjẹ́ kí aṣọ́bodè mọ̀. Tíṣà tó yẹ kó máa kọ́ ọmọ ní òfin ń ṣe fàyàwọ́ kí ọmọ lè kàwé. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni rú òfin o, ẹ má sọ pé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ló kọ́ yín. Ohun tí mò ń fi hàn yín ni pé ìdènà tó ga jù lójú ọ̀nà Nangi kì í ṣe òkè. Òkè ṣeé gùn. Àṣẹ ìjọba ló le.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù February 2005, Ọba Gyanendra gba gbogbo agbára ìjọba sọ́wọ́, wọ́n sì já tẹlifóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù April 2006, àwọn aráàlú tú sígboro títí ọba fi gbé agbára sílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba tuntun sọ pé ìgbì tí Wi-Fi ń lò kò gba ìwé àṣẹ mọ́. Ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lánàá di ohun tí wọ́n ń yìn. Ní 2008, Nepal kò ní ọba mọ́ rárá.

KÍ NI WỌ́N FI ṢE?

Ẹ ó bi mí pé, lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, kí ni ará abúlé fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe? Ìbéèrè gidi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ́. Tíṣà tó mọṣẹ́ ṣọ̀wọ́n lórí òkè. Nígbà tí ìgbì dé, tíṣà kan tó wà ní ilé ìwé kan lè máa kọ́ àwọn ọmọ tó wà ní abúlé mìíràn, wọ́n ń rí i, wọ́n sì ń bi í ní ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ ìlera tẹ̀ lé e. Òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní abúlé ń bá dókítà Pokhara sọ̀rọ̀, ó ń fi ara aláìsàn hàn án, kí wọ́n tó pinnu bóyá kí wọ́n gbé onítọ̀hún rin ìrìn ọjọ́ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé aláìsàn gba ọ̀nà tí kò dára rí, ẹ mọ iye tí ìyẹn tó. Lẹ́yìn náà ni ọjà. Darandaran ń ti orí òkè wá oníbàárà fún ẹran rẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní òkè òkun ń gbóhùn ọmọ, owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sì ń yára dé.

Ilé ìwé náà ò sì jókòó máa retí ọrẹ. Àwọn ará Nangi ń ṣe pépà láti ara èèpo igi, wọ́n ń ṣe jáàmù, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń gba àlejò tó wá wo òkè. Lára ohun tó ń wọlé ni wọ́n ti ń gbọ́ bùkátà ilé ìwé.

Òkìkí iṣẹ́ náà kàn. Ní 2007, wọ́n fún Pun ní ẹ̀bùn Ramon Magsaysay, tí wọ́n ń fúnni ní Philippines, ọ̀kan nínú ẹ̀bùn tó lókìkí jù ní Éṣíà. Lọ́dún yẹn náà ni Yunifásítì Nebraska fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá. Ní 2014, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni íńtánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé. Nígbà yẹn, àwọn abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ti dé ti lé ní 100.

Ìtàn ọ̀hún tún ta kókó kan sí i láìpẹ́ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù September 2025, ìjọba Nepal ti Facebook àti ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ pa. Inú ti ń bí àwọn ọ̀dọ́ tẹ́lẹ̀ nítorí ìwà jẹgúdújẹrá, wọ́n bá tú síta. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, olórí ìjọba sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìjọba fìdí-hẹ kalẹ̀, Mahabir Pun wà lára àwọn tí wọ́n fi ṣe mínísítà: ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣe fàyàwọ́ Wi-Fi láyé ọba ló wá jókòó nílé ìjọba nígbà náà. Ayé ń yí o.

NÍ NÀÌJÍRÍÀ ŃKỌ́?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkè Himalaya nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní Kafanchan, ìpínlẹ̀ Kàdúná, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Fantsuam Foundation. Ọdún 1996 ni wọ́n dá a sílẹ̀, owó ẹ̀yáwó kékeré fún àwọn obìnrin ìgbèríko ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: owó ìyá oníṣòwò ló ṣáájú, kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, wọ́n gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run pẹ̀lú díìṣì ńlá. Ní 2006 ni wọ́n dá Zittnet sílẹ̀, tó ń fi ìgbì pín in fún àwọn mìíràn ní àdúgbò: ilé ìwòsàn, òtẹ́ẹ̀lì, ilé kọ̀ǹpútà. Òpó wọn ga tó 45 mítà. Iná ìjọba níbẹ̀ nígbà náà kì í ju wákàtí kan sí méjì lọ lójúmọ́, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ àti sóólà ni wọ́n gbára lé, àwọn ọmọ àdúgbò ni wọ́n sì kọ́ láti máa bójú tó o.

Ní Nangi àti ní Kafanchan, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà. Àwùjọ ló kọ́kọ́ wà kí ẹ̀rọ tó dé.

Ẹ̀KỌ́ TÓ WÀ NÍBẸ̀ FÚN WA

Ẹnì kan lè sọ pé ayé ti kọjá gbogbo èyí. Ilé iṣẹ́ fóònù ti dé ọ̀pọ̀ abúlé, ní Nepal àti nílé wa. Láti oṣù January 2023 sì ni Starlink ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, díìṣì kan lórí òrùlé, ó parí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: bí ẹgbẹ́ bá ra díìṣì náà fún ilé ìwé lónìí, ta ni yóò máa san owó oṣooṣù lẹ́yìn ọdún kìíní? Bí jẹnẹrétọ̀ bá jẹ epo tán ńkọ́? Bí tíṣà tó mọ̀ ọ́n lò bá gba ìwé ìgbéniyípò lọ sí ìlú mìíràn ńkọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Gbogbo wa la ti rí yàrá kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti àgádágodo mọ́. Orúkọ ẹni tó fi ta wọ́n lọ́rẹ ń dán lára ògiri, eruku sì ti fi ẹ̀rọ inú rẹ̀ ṣe ilé. Kì í ṣe pé àwọn tó fi tọrẹ kò nífẹ̀ẹ́. Wọ́n kàn ra ohun tí wọ́n fẹ́ rà ni, wọn ò béèrè lọ́wọ́ àwọn tó máa gbé pẹ̀lú rẹ̀. Tíṣà tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ń bẹ̀rù pé bí nǹkan kan bá bàjẹ́, òun ni wọ́n á bi. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ó sàn fún un kó tì í.

Ibi tí mo ní ká fi àmì sí nìyẹn, níbi àpótí pákó. Ọmọ Nangi tó bá Pun kan àpótí náà kò bẹ̀rù kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ́ tó gun igi lọ tún díìṣì ṣe mọ̀ pé ti òun ni. Ohun tó gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn ró nìyẹn, kì í ṣe ìgbì, kì í ṣe díìṣì. Owó lè ra ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan. Kò lè ra ẹni tó máa jí gun òkè nínú òtútù nítorí pé ọ̀rọ̀ já.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún àpéjọ yìí kò gùn. Èkíní, ká tó ná kọ́bọ̀, ká rán àwọn èèyàn lọ bá àwọn tíṣà, àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn òbí jókòó, ká gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èkejì, nínú owó tá a bá dá, ká ya apá kan sọ́tọ̀ fún bátìrì, fún àtúnṣe, àti fún owó oṣooṣù ọdún mẹ́ta, kódà bí iye kọ̀ǹpútà tá a máa rà bá dínkù. Ẹ̀kẹta, ká yan ọmọ ilé ìwé márùn-ún àti tíṣà méjì, ká kọ́ wọn títí wọ́n á fi lè tú ẹ̀rọ palẹ̀ kí wọ́n sì tò ó padà. Èyí tó kẹ́yìn, ká má dá ilé ìwé nìkan ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé ìwòsàn àdúgbò wà nítòsí, àwọn oníṣòwò wà nítòsí. Bí wọ́n bá jọ ń lò ó, tí wọ́n jọ ń san díẹ̀díẹ̀, kò ní í kú lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá sú. Díìṣì kan tí àdúgbò jọ ní sàn ju mẹ́wàá tí ẹnì kan kì í bójú tó.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kò ní fọ́tò púpọ̀. Kò sí rìbọ́nù tí èèyàn máa gé nítorí pé wọ́n kọ́ ọmọ kan bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin náà lẹ fi hàn wá. Ẹfun àti pátákó dúdú lẹ ní, iná sì máa ń lọ, òrùlé ń jò. Síbẹ̀ ẹ ń bọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ kọ́ wa ò sí nínú ohun èlò, inú bíbọ̀ yín ló wà. Tíṣà Nangi náà bọ̀ wálé ni, iṣẹ́ yòókù sì tẹ̀ lé e.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ ká jíròrò rẹ̀ níbi ìpàdé gbogbogbòò, kí ẹni tó ní ìmọ̀ tó ju tèmi lọ sọ tirẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká tún rí ara wa lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú ayọ̀, nígbà tí ilé ìwé wa yóò ní ìròyìn tiwọn láti fi ránṣẹ́ sí wa, láti orí ẹ̀rọ tí ọwọ́ wọn ń tọ́jú. Àṣẹ.